Ulé Kì Í Ṣe Olè

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. À ń jẹun ọ̀sán nílé wa ní Iléṣà, rédíò wà lórí fìríìjì, orin náà sì bẹ̀rẹ̀. Mo dìde láti pa á, gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń ṣe láti ọdún gbọọrọ, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ sí mi.

“Ẹ jẹ́ n gbọ́ nǹkan kan,” ó ní. Ó tẹ́tí sílẹ̀. “Dádì, kí ló dé tí ọkùnrin yìí fi ń kọrin olè?”

Mo ní kì í ṣe olè. Mo ní ulé ni, bí àwa Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pe ilé. “Ulé mi rèé” ni orin náà: ilé mi nìyí.

“Ọmọ Òṣogbo ni mí,” ó ní, “mo sì mọ ohun tí etí mi gbọ́. Olè mi rèé ló ń wí. Bí mo ṣe mọ orin náà láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Mo rò pé bí ẹ ṣe kọ ọ́ ni.”

Mo jókòó padà. Mo jẹ́ kí orin náà lọ títí dé òpin, ohun tí n kò ṣe rí láti ọdún tó ti jáde. Òótọ́ ni ìyàwó mi wí. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ kan dáadáa kì í gbọ́ àṣìpè rẹ̀; ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló ń gbọ́. Ọkùnrin náà kò lè fi “u” bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ kan nílé wọn ní Òṣogbo tó fi “u” bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ́ di “o.” Ó tún fa ohùn orin náà wálẹ̀ níbi tó yẹ kó gòkè, kí gìtá rẹ̀ lè rí ibi sọ̀kalẹ̀ gbà. Ulé di olè. Olè mi rèé. Ó ti ń kọ ọ́ káàkiri ayé fún ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́ta ọdún.

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi. Kì í ṣe ẹ̀rín tó dára.

Kí ẹni tí kò mọ̀ lè mọ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ti wá.

Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní ìwé kẹrin ní sẹ́kọ́ńdírì. Kò pé oṣù mẹ́ta tí àwọn àbúrò rẹ̀ fi ti ilẹ̀kùn ilé tí òun àti ìyá mi jọ kọ́. Wọ́n ní ilé ẹ̀gbọ́n àwọn ni, obìnrin kì í jogún ọkọ. Ìyá mi kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìwàrà lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn tirẹ̀, ó ń dáko níbẹ̀. Ní ọjọ́ tó bá gbé kókò wá tà ní Iléṣà, iwájú ilé náà ló máa ń gbà kọjá, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà mìíràn wà tó yá jù ú lọ. Á dúró. Á sọ ẹrù kalẹ̀. Á ní, “Ulé mi rèé.” Kì í pariwo, kì í sì í bú ẹnikẹ́ni. Á gbé ẹrù rẹ̀, á máa lọ. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Bó bá ti ń wí i, ohùn rẹ̀ a gòkè lórí “lé,” á sì dúró síbẹ̀, bí ẹni gbé nǹkan lé orí pẹpẹ tí kò sì fẹ́ kí ó já bọ́.

Nígbà tí mo dé yunifásítì, àwa mẹ́rin kóra wa jọ, a dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀. Rọ́ọ̀kì la ń lù, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń gbéra ga nígbà náà. Kì í ṣe orin ijó. Orin kan ṣoṣo lè gba ogún ìṣẹ́jú, á yí padà lẹ́ẹ̀marùn-ún, á jà bí ìjì, á tún dákẹ́ bí ilé ìwòsàn. Níbi tí àwọn olórin yòókù ti ń ka ìró ìlù ní mẹ́rin-mẹ́rin, àwa ń kà á ní méje-méje, nígbà mìíràn ní mọ́kànlá. Àwọn tó bá gbìyànjú láti jó a máa kọlu ara wọn, a ó sì máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín láti orí pèpéle. Ọ̀kan wà nídìí ìlù, ó ti kú. Ọ̀kan ń tẹ ọ́gáànì, Amẹ́ríkà ló wà, kì í sì í kọ̀wé. Èmi ń ta béèsì, èmi ni mo ń kọrin. Ẹnì kẹrin, ọmọ Òṣogbo, ló ń ta gìtá.

N kò ní purọ́ mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó ń ta gìtá bí tirẹ̀ ní gbogbo yunifásítì náà. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn láti máa fini ṣẹlẹ́yà. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi kò jẹ́ kó sùn.

“U, u, u,” ló máa ń wí. “Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà, ṣé ẹyẹlé ló bí yín ni? Ulé, ugi, ugbó. Ẹ sọ̀rọ̀ bí ènìyàn.”

“Àwa là ń sọ̀rọ̀,” mo máa ń dá a lóhùn. “Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ìwé lẹ̀ ń kà jáde.”

A máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ni mo pè é nígbà náà.

Mo mú ọ̀rọ̀ ìyá mi wá sí ibi ìdánrawò lọ́jọ́ kan. Mo sọ bó ṣe máa ń dúró níwájú ilé náà fún wọn. Ọmọ Òṣogbo yìí gbọ́ ọ, ó jókòó sórí àpótí ampilifáyà, ó sì ta nǹkan kan tó mú kí gbogbo wa sún mọ́ ọn. Ìbẹ̀rẹ̀ orin náà nìyẹn, òun ló sì ni ìbẹ̀rẹ̀ yẹn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ohùn rẹ̀, ti ìyá mi ni, èmi ni mo sì tò ó. A lù ú káàkiri àwọn yunifásítì fún ọdún méjì. Èmi ni mo ń kọ ọ́, pẹ̀lú “u” tó yé kooro, àwọn ènìyàn sì ń bá mi kọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Lẹ́yìn ìdánwò àṣekágbá, olúkúlùkù bá tirẹ̀ lọ. Èmi gba iṣẹ́ olùkọ́ jọ́gíráfì ní Iléṣà, òun lọ sí Èkó. Ọdún kan lẹ́yìn náà, àwo orin jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Lẹ́yìn páálí àwo náà, wọ́n kọ ọ́ pé òun ló ni gbogbo ọ̀rọ̀ àti gbogbo orin inú rẹ̀.

Mo ti sọ fún ìyá mi tipẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò wọ inú àwo. Nítorí náà mo ra ọ̀kan, mo gbé e lọ sí Ìwàrà. Ìyá mi kò mọ̀wé. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó gba páálí náà, ó yí i síwá sẹ́yìn.

“Ibo ni wọ́n kọ mí sí?” ó bi mí.

Mo fi ìka tọ́ka sí ìlà kan. Mo ní, “Ibí yìí ni, Ìyá.”

Ó gbé ìka tirẹ̀ lé e, ó sì fi síbẹ̀ pẹ́. Orúkọ ọkùnrin yẹn ni ìyá mi fi ìka rẹ̀ lé. Ó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé tirẹ̀ ni. Mo kọ lẹ́tà sí Èkó pé kí ọkùnrin náà ṣe àtúnṣe, n kò rí èsì. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń tọ́ ìbínú mi. Ó dàgbà ju gbogbo àwọn ọmọ mi lọ. Kò sí ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà ju kí ó sọ ọ́ níwájú àwọn ènìyàn pé ìyá mi ló ni ọ̀rọ̀ náà. Bí kò bá sì sọ ọ́, mo fẹ́ kí ojú tì í bí ojú ti ń tì mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá rántí ìka yẹn.

Oṣù kan péré lẹ́yìn ọ̀rọ̀ orí rédíò yẹn, ìkéde dé sórí fóònù mi láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwa tí a jọ jáde ní yunifásítì. Àgbà onígìtá ń bọ̀ wá ta àwọn orin ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ní gbọ̀ngàn kan ní Òkè Fìà, ní Òṣogbo, lọ́sàn-án Sátidé. Ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn.

“Ẹ ò ní lọ,” ìyàwó mi ní.

“Màá lọ.”

“Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?”

“Orin ni mo fẹ́ lọ kọ.”

Ó wò mí dáadáa. Ohùn altò ló ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ó sì mọ ìgbà tí ènìyàn ń múra orin àti ìgbà tó ń múra ìjà. “Èmi náà á lọ,” ó ní. “Kí ẹnì kan lè wà níbẹ̀ tí yóò gbé yín dìde.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe ìdánrawò nínú bálùwẹ̀.

Gbọ̀ngàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Àwọn tó pọ̀ jù níbẹ̀, orí wọn funfun bí tèmi. Àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ wà lẹ́yìn pẹ̀lú fóònù wọn. A jókòó ní ìlà kẹta. Ìyá Ọlọ́ṣun arúgbó kan tó wọ aṣọ funfun, tó so ìlẹ̀kẹ̀ funfun mọ́rùn, tó sì wọ ẹ̀gbà idẹ sọ́wọ́, jókòó ti ìyàwó mi. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ti ń bi ara wọn léèrè nípa agboolé, bí àwọn ọmọ Òṣogbo ti máa ń ṣe.

Àgbà onígìtá jáde. Ó ti tẹ̀, ó dé fìlà ńlá, ó jókòó sórí àga gíga, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta sì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìlù, béèsì àti ọ́gáànì. Mo ń retí kí ìka rẹ̀ ṣìnà. Kò ṣìnà. Nínú orin àkọ́kọ́, èyí tí a ń kà ní méje, ẹsẹ̀ mi ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka méje láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Ó dùn. N kò lè sọ pé kò dùn. Ìyẹn gan-an ló túbọ̀ bí mi nínú, pé ó tún lè mú mi jókòó síbẹ̀ bí ọmọ ogún ọdún, kí omi sì fẹ́ jáde lójú mi, kó má sì mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Nígbà tó tó àkókò orin wa, ó fa máìkì mọ́ra.

“Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn rẹ̀ fún yín,” ó ní. “Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà. Mo wá sílé fún ìsinmi, mo jókòó létí odò Ọ̀ṣun, ebi ń pa mí, mo sì ń wo omi. Ọ̀rọ̀ yìí kàn bọ́ sí mi lẹ́nu.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá aláṣọ funfun yẹn tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ìyàwó mi. “Ṣé olè ni Ọ̀ṣun fún un?” ó bèèrè. “Kí ó má kó Ọ̀ṣun tiwa mọ́ ọn.”

“Ẹ ní sùúrù díẹ̀, Mà,” mo sọ fún un. “Ẹ máa tó gbọ́ ẹni tó fún un.”

Ó ta ìbẹ̀rẹ̀ orin náà. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló na máìkì sí wa pé kí a gbè é. Gbogbo gbọ̀ngàn kọ ọ́ bó ṣe kọ́ wọn: olè mi rèé.

Mo dìde. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ mi nítorí orúnkún. Mo gba àárín àwọn àga kọjá dé ẹsẹ̀ pèpéle, mo na ọ̀pá náà sí i láyà, mo sì fi gbogbo ohùn tó kù lára mi kọ ọ́. N kò fi “u” kankan sí i. Mo pe olè bí àwọn ará Òṣogbo ti ń pe olè, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ tó wúwo bí òkúta. Olè mi rèé. Mo tún un kọ. Ní ìgbà kẹta, mo gbọ́ ohùn altò kan lẹ́yìn mi. Ìyàwó mi ti dìde, òun náà na ìka. Ìyá aláṣọ funfun tẹ̀ lé e. Àwọn ènìyàn rò pé eré ni, ó sì dùn mọ́ wọn. Láìpẹ́, ìdajì gbọ̀ngàn náà na ọwọ́ sí àgbà onígìtá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kọrin, fóònù sì wà lókè.

Òun náà kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wò mí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo okùn gìtá. Ọ̀dọ́ tó wà nídìí ìlù ṣì ń ka méje lọ fúnra rẹ̀, ó wá rí i pé òun nìkan ló kù, ó dáwọ́ dúró.

“Ìjẹ̀ṣà,” àgbà onígìtá ní.

“Èmi ni,” mo ní. “Sọ ohun tí ò ń kọ fún wọn.”

“Orin wa àtijọ́ ni.”

“Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Sọ ìtumọ̀ rẹ̀.”

Ó wo ilẹ̀. “Olé mi rèé.”

“Kí ni wọ́n ń pè ní olé?”

“Ọ̀lẹ ló fẹ́ wí,” ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn. “Ẹ ò rí bó ṣe jókòó?”

Ẹ̀rín gba ilé. Mo ní kó fún mi ní máìkì, ó sì fún mi, bóyá nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tí ì bá ṣe.

“Ulé ni,” mo sọ fún wọn. “Ilé ni. Ìyá mi ló ni ọ̀rọ̀ náà, iwájú ilé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ti ń wí i. Mo mú un wá fún ọkùnrin yìí, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Kò tilẹ̀ lè pè é. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pe ara rẹ̀ lólè níwájú ayé, tí ẹ sì ń pàtẹ́wọ́ fún un.”

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ó bọ́ fìlà rẹ̀. Orí rẹ̀ ti pá pátápátá, n kò mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi, ó fi ọwọ́ bo máìkì.

“Mo gbàgbé,” ó ní. “Mo fi ìyá mi búra, mo gbàgbé pé ìwọ lo mú un wá. Mo ti sọ ti odò yẹn títí ó fi di òótọ́ lójú mi.”

“Má fi ìyá rẹ búra fún mi lórí ọ̀rọ̀ ìyá mi,” mo ní.

A jáde. Ó gbìyànjú láti ta orin mìíràn, ṣùgbọ́n a ń gbọ́ wọn láti ọ̀nà: olè mi rèé, olè mi rèé. Nínú ọkọ̀, ìyàwó mi ní, “Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?” Mo ní ó tẹ́ mi lọ́rùn. Fídíò náà ti dé Iléṣà kí àwa tó dé. Mo wò ó títí fóònù fi gbóná lọ́wọ́ mi. Ibi tí mo máa ń dúró sí ni ibi tó ti bọ́ fìlà.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ó pè mí. Ó ní wọ́n ti pe òun wá ta gìtá ní Iléṣà kí ọdún tó parí. Ó ní òun fẹ́ dúró níbẹ̀, kí òun dárúkọ ìyá mi, kí òun sì sọ pé tirẹ̀ ni orin náà, níwájú àwọn ará ìlú rẹ̀.

“Ṣùgbọ́n bí mo bá tún pè é ní olè,” ó ní, “wọn ò ní gbọ́ nǹkan kan ju ẹ̀rín lọ. Jọ̀ọ́, kọ́ mi. Ìwọ nìkan ló kù.”

Mo ní, “Má kọ ọ́ níbikíbi títí n óò fi sọ fún ọ pé ó tọ́.”

Ó gbà. Ó sì pa àdéhùn náà mọ́, n kò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó kọ̀ láti ta á ní Ìbàdàn, wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Ní Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó máa ń pè mí, a ó sì bẹ̀rẹ̀.

“Olé,” á wí.

“Rárá.”

“Wulé.”

“Rárá. Ta ló bi ọ́ léèrè wulé? Ká ẹnu rẹ jọ bí ẹni fẹ́ fọn fèrè.”

“Ulè.”

“Rárá.”

Mo ń rántí ẹyẹlé. Mo ní kó máa ṣe u, u, u fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko, àgbà ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ṣe é. Mo gbé fóònù sórí tábìlì kí ìyàwó mi lè gbọ́. Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín.

“Bí kò bá kọ ọ́,” ó ní nígbà tí mo pa fóònù, “ta ni yóò gbọ́ ti Màmá?”

“Kò tíì mọ̀ ọ́n pè.”

“Mo gbọ́ yín,” ó ní.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọkùnrin náà pè ní agogo mẹ́rin. Ìyàwó mi jókòó sí òdìkejì tábìlì, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú àwo. A lọ bí a ti ń lọ, rárá lórí rárá, fún bí ogún ìṣẹ́jú. Mo gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe mí kanlẹ̀. Ó sì wí i.

“Ulé.”

Ó yé kooro. “Lé” gòkè, ó sì dúró síbẹ̀. Kò sí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀ sí mi létí láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Ọwọ́ ìyàwó mi dúró lórí ẹ̀gúsí, ó gbójú sókè, ó ń wò mí.

“Báwo lo ṣe gbọ́ ọ?” ó bèèrè nínú fóònù. “Ó jọ pé ìyẹn súnmọ́ ọn.”

“Rárá,” mo ní. “Ó tún ń fà sí olè. Tún un pè.”

Ìyàwó mi gbé àwo ẹ̀gúsí rẹ̀, ó bọ́ síta. Mo gbé fóònù náà sún mọ́ etí mi, ọkùnrin náà sì tún bẹ̀rẹ̀.